Ìdajì Òfin Ni Verlyn Gbọ́

Verlyn Kaspersen fúnra ẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní ẹni tó bá máa fi kọ́gbọ́n, kó yáa kọ́ ọ, ẹni tó bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in dáadáa, torí pé òun náà ti wá ń rín in báyìí. Èmi ò ní bò ó fún un o. Ohun tójú ẹ̀ rí tọ́ sí i.

Dókítà eegun ẹ̀yìn ni Verlyn. Àwọn tó máa ń dá èèyàn dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n á fọwọ́ lásán tẹ ẹ̀yìn ẹ, wàá gbọ́ "kà!", ara á sì tù ẹ́. Láti ìgbà tó ti wà ní géńdé ló ti ń ṣe é ní Wessling, ìlú kékeré kan ní Iowa tí oko àgbàdo yí ká. Òun nìkan ló ń ṣe é níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn ìlú, ìkáwọ́ ẹ̀ ló wà.

Àfi bí Marcine Duba ṣe kó dé, tó ṣí ilé ìtọ́jú tiẹ̀ sí òdìkejì títì, ọ̀gangan fèrèsé Verlyn gẹ́lẹ́.

Marcine kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa, ó sì lọ́yàyà. Obìnrin tó jẹ́ pé tó bá kí ẹ tán, á kí ajá ẹ. Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà Verlyn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá. Àgbẹ̀ sọdá, tíṣà sọdá. Lọ́jọ́ kan, Verlyn yọjú lójú fèrèsé, ló bá rí pásítọ̀ tó ń sáré sọdá títì, tó fi Bíbélì bojú.

"Arlys!" ó ké pe ìyàwó ẹ̀. "Wá wo pásítọ̀ ẹ!"

Arlys ò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò lára súwẹ́tà tó ń hun. "Ṣé èmi ni mo ni ín ni? Ẹ̀yìn ń dun ọkùnrin náà. Jẹ́ kó lọ síbi tára ẹ̀ bá ti máa yá."

"Ibí yìí ńkọ́?"

"Ìwọ máa ń bá wọn jà tí wọn ò bá jókòó dáadáa."

Inú bí Verlyn débi pé kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìlara ni, ẹ jẹ́ ká pe orúkọ ẹ̀ bó ṣe ń jẹ́.

Àárín ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n wá yàn án sínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wò. Bẹ́nì kan bá fẹjọ́ dókítà eegun ẹ̀yìn sùn, àwọn dókítà eegun ẹ̀yìn bíi tiẹ̀ ló máa jókòó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, torí àwọn ló mọ ohun tó dáa yàtọ̀ sí ohun tí kò dáa. Bí wọ́n bá ní ọwọ́ onítọ̀hún léwu, ìwé àṣẹ ẹ̀ lọ nìyẹn. Kò tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè wọ́n jọ, agbẹjọ́rò ìgbìmọ̀, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Phyllis Brandvold, dìde láti ṣàlàyé òfin fún wọn.

"Ẹ má bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀," ó ní. "Ohun tí ẹ bá sọ nípa iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín nínú yàrá yìí, òfin wà lẹ́yìn yín. Ẹnikẹ́ni ò lè torí ẹ̀ pè yín lẹ́jọ́..."

Bó ṣe sọ ibẹ̀ yẹn tán ni wọ́n gbé páì ápù tó ń gbóná wọlé láti ẹ̀yìn. Verlyn ò lè rí páì kó jókòó. Ó yọ́ dìde, ó lọ bu ọ̀kan, ó tún padà lọ bu èkejì. Ìgbà tó fi nu ẹnu ẹ̀ tán, agbẹjọ́rò ti ń kó àpò. Verlyn ò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló sọ lẹ́yìn òun. Èyí tó gbọ́ ti dùn mọ́ ọn, ó ju páì lọ.

Ó délé, ó di èèyàn ọ̀tọ̀.

Ó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó wo dígí, ó ní, "Irun yìí rí wọ́gọwọ̀gọ. Ìwọ kọ́ ló yẹ kó máa di abẹ mú. O ò sì lè pè mí lẹ́jọ́, mo wà nínú ìgbìmọ̀."

"Ìgbìmọ̀ kí ni?"

"Ti eegun ẹ̀yìn."

Onígbàjámọ̀ kàn gé irun etí ọ̀tún kúrú ju tòsì lọ.

Nílé, Verlyn tọ́ oúnjẹ wò. "Arlys, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìgbìmọ̀, iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ọ̀dùnkún yìí."

Arlys gbé abọ́ kúrò níwájú ẹ̀. "Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sè é, oúnjẹ ti tán."

Ẹjọ́ tó wá kọ́kọ́ délẹ̀, ti Marcine ni. Leland Roskopf, àgbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan ní ìgbèríko Wessling, ló fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Ó ní ẹ̀yìn òun ti tẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, òun sì lọ bá obìnrin yìí pé kó mú ìrora kúrò. Ìrora lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun ti wá nàró débi pé ṣòkòtò iṣẹ́ òun ò dé kókósẹ̀ mọ́, àràárọ̀ sì ni òun ń forí sọ àtẹ́rígbà ilé ẹlẹ́dẹ̀.

"Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó fi kún mi," Leland ní. "Ìrora ni mo ní kó mú kúrò."

Gbogbo ìgbìmọ̀ fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bọ́. Alága wọn, Bàbá Orrin Stadtlander, arúgbó tó ń fi ẹ̀rọ sétí kó tó gbọ́ràn, kan tábìlì.

"Ẹjọ́ lẹjọ́ ń jẹ́," ó ní. "Àmọ́ ká tó bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ní nǹkan kan pẹ̀lú obìnrin yìí, bó jẹ́ ìjà o, bó jẹ́ ìfẹ́ o, bó jẹ́ pé ẹ jọ ń du oníbàárà, kó dìde kó jáde. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ọkùnrin kan dìde, ó ní ìyàwó òun bá Marcine tan, ó jáde. Verlyn lẹ̀ mọ́ àga.

"Verlyn, ìwọ ńkọ́? Ṣebí ìlú kan náà lẹ wà."

"Títì wà láàárín wa, bàbá."

"Títì tó gbòòrò?"

"Ó gbòòrò gan-an ni."

Bàbá Orrin ò fura. Wọ́n ní kí Verlyn lọ tú ọ̀rọ̀ náà wò, kó wá jábọ̀ lọ́jọ́ tí Marcine fúnra ẹ̀ bá máa wá dáhùn. Nínú mọ́tò, bó ṣe ń darí bọ̀ wálé, ó ń sọ fún ara ẹ̀ pé ẹ̀yìn ará ìlú lòun ń dáàbò bò. Irọ́ ni! Ojú fèrèsé ẹ̀ ló ń rò.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó dúró níwájú dígí, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó máa sọ dánra wò.

"Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ṣe ni obìnrin yìí máa ń fa èèyàn! Bó ṣe máa ń fà wọ́n nìyí!"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó di nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mú, ó sì fà á tagbáratagbára. Ẹ̀yìn ẹ̀ dún "kà!" Kì í ṣe kà tó ń tuni lára. Verlyn fẹ́ nàró, kò lè nàró. Ó ká kò bí ìwọ̀, ojú ẹ̀ ń wo bàtà ara ẹ̀.

"Arlys!"

Arlys wọlé. "Kí lo ń wá nílẹ̀?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Ẹ̀yìn mi ti gan."

"Tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

"Ta ló ń tẹ ẹ̀yìn ara ẹ̀?"

Arlys jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ràn án lọ́wọ́, torí ó fẹ́ràn ẹ̀.

Yàtọ̀ sí Marcine, dókítà eegun ẹ̀yìn tó sún mọ́ wọn jù, ìrìn wákàtí méjì ni. Verlyn ò lè jókòó síwájú píkọ́ọ̀pù, wọ́n bá tẹ́ koríko gbígbẹ sẹ́yìn, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Wọn ò tíì kúrò ní Wessling tí táyà fi já sí kòtò. Igbe tí Verlyn ké, gbogbo ajá àdúgbò ló dá a lóhùn. Arlys páàkì, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Marcine wà níbí," ó ní.

"Mo kúkú máa kú síbí."

"Ó dáa, kú. Àmọ́ má kú sínú píkọ́ọ̀pù o, mo fẹ́ fi kó oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la."

Bẹ́ẹ̀ ni Verlyn ṣe wọ aṣọ òjò ìyàwó ẹ̀, aláwọ̀ òdòdó, tó fi síkáàfù ẹ̀ wérí, tó sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé ìtọ́jú Marcine, ojú ẹ̀ sí ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, Dókítà Verlyn," Marcine kí i.

Verlyn sọ ohùn di tín-ín-rín. "Èmi kọ́ o. Ìyá kan tó ń kọjá lọ ni mí."

"Dókítà, ojoojúmọ́ ni mò ń rí yín láti fèrèsé mi. Mo lè gbàgbé ojú èèyàn, mi ò kì í gbàgbé ẹ̀yìn. Èjìká òsì yín ga ju tọ̀tún lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe mí bíi kí n sọdá wá bá yín tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sùn síbí."

Ó dá a dojú bolẹ̀, ó ki ojú ẹ̀ bọ ihò tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fìka wá eegun ẹ̀yìn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Verlyn tó ti tẹ ẹ̀yìn gbogbo ìlú, kò sẹ́ni tó ti tẹ tiẹ̀ láti ọjọ́ gbọọrọ. Kò mọ̀ pé òun ti ń sunkún. Ihò yẹn ni omijé ń gbà jábọ́ sílẹ̀.

"Wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn, dókítà," Marcine ń sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. "Bí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ mi, ó tán fún mi nìyẹn. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Àtìgbà tí bàbá ọmọ mi ti kú lọmọ náà ò ti bá ẹnikẹ́ni ṣeré, Wessling yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti lọ́rẹ̀ẹ́. Ṣé kí n tún fà á tu ni? Wọn ò jẹ́ ká mọ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà títí dọjọ́ tí wọ́n bá pè wá. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan níbẹ̀, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó gbọ́ tẹnu mi."

"Mmm," ni Verlyn sọ sínú ihò.

"Ẹ ṣeun, sà."

Ó wá ibi tó fẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. Kà! Ara tu Verlyn bíi pé wọ́n sọ àpò sìmẹ́ǹtì kalẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ó dìde, ó nàró ṣánṣán.

"Ẹ má yí ara padà lójijì o," Marcine kìlọ̀. "Kò tíì jinná tán. Bí ẹ bá fi ìbínú ta dìde báyìí, ó máa gan padà."

Verlyn la ẹnu. Ó fẹ́ sọ òótọ́ fún un, ó búra fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n òun. Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn pásítọ̀ dún láti pálọ̀: "Marcine, áńgẹ́lì ẹ̀yìn mi! Ṣé ó ti kàn mí?"

Áńgẹ́lì ẹ̀yìn! Ìlara ru bo Verlyn lójú. Ó fa síkáàfù wálẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde láìdúpẹ́.

"Ṣòkòtò ẹ fò sókè," Arlys sọ nígbà tó délé.

"Omi ló jẹ́ kó sún kì."

"Mi ò tíì fọ̀ ọ́ rí."

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Verlyn fa ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ dé orúnkún, ó jókòó láàárín ìgbìmọ̀. Wọ́n ní kí Marcine wọlé. Ó wọlé tẹ̀rùtẹ̀rù, ó di àpò ẹ̀ mú ṣinṣin. Bí ojú ẹ̀ ṣe bá ti Verlyn, ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó rò pé Verlyn wá bá òun bẹ̀bẹ̀ ni. Verlyn bojú wo òrùlé.

Leland rojọ́ ẹ̀ tán, ó na ṣòkòtò ẹ̀ sókè fún wọn wò. Ó wá kan Verlyn.

"Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ ṣòkòtò kọ́ nìyí!" ó bẹ̀rẹ̀. "Ohun tí Ọlọ́run wọ̀n fún èèyàn, obìnrin yìí ń fi kún un! Ọwọ́ ẹ̀ léwu. Mo ti tú u wò fínnífínní. Èèyàn tórí ẹ̀ bá pé ò lè jẹ́ kí obìnrin yìí fọwọ́ kan ẹ̀yìn òun!"

Ẹ̀rín kúrò lójú Marcine. Ó wo Verlyn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ, kí gbogbo ẹ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sùn lórí bẹ́ẹ̀dì dókítà, dókítà kì í sọ ọ́ síta, oníbàárà ló ni àṣírí ara ẹ̀. Ó wo kókósẹ̀ Verlyn, ó wolẹ̀.

"Ìyáàfin Duba," Bàbá Orrin pè é, "ṣé ẹ ní nǹkan láti sọ?"

"Mo ní, bàbá. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo ni ín láti sọ."

Ìfarabalẹ̀ yẹn gún Verlyn ju èébú lọ. Ó ta dìde fùú, ó yí bìrí, ó nàka sí obìnrin náà. "Ẹ ò rí i? Kò lésì! Ẹ gba ìwé..."

Kà!

Verlyn dúró bẹ́ẹ̀, ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ìka ẹ̀ nà tọ́ọ́rọ́ sí Marcine.

"A ti rí i, Verlyn," Bàbá Orrin ní. "Jókòó."

"Mi ò lè jókòó."

"Ó dáa, ká ìka ẹ kò."

"Kò ṣe é ká."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú yàrá tó kún fún dókítà eegun ẹ̀yìn lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ o! Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. "Ìbàdí ni!" "Ọrùn ni, ẹ kúrò lọ́nà!" "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́? Èjìká ni!" Èyí tẹ̀ ẹ́ níbí, èyí fà á lọ́hùn-ún, wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀. Verlyn ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀ Leland.

"Ẹ fi mí sílẹ̀!" ó pariwo. "Marcine! Marcine, jọ̀ọ́! Ibi tó o tẹ̀ lọ́jọ́sí!"

Gbogbo wọn jáwọ́ lára ẹ̀. Bàbá Orrin fọwọ́ tún ẹ̀rọ etí ẹ̀ ṣe.

"Lọ́jọ́sí wo?"

Leland ló fò sókè, ó ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ ẹ̀. "Ẹ wo ṣòkòtò ẹ̀! Ó ti fi kún òun náà!"

Marcine rìn wá, ó dúró lẹ́yìn Verlyn. "Dókítà, mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn yín láìgbàṣẹ. Ṣé ẹ gbà?"

"Mo gbà."

"Sọ ọ́ sókè, mi ò gbọ́," Bàbá Orrin ní.

"MO GBÀ!"

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ìka náà já wálẹ̀.

Phyllis Brandvold tó jókòó ní kọ̀rọ̀ dìde. "Dókítà Kaspersen, ọjọ́ tí mo ń ṣàlàyé òfin, níbo lẹ wà nígbà tí mo sọ ìdajì kejì?"

"Mo lọ bu páì."

"Ìdajì kejì ló ní kí ẹ ṣe é pẹ̀lú inú kan, láìsí àránkàn. Ẹni tó bá yẹ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wò tinútinú, kódà bó ṣe àṣìṣe, òfin á dáàbò bò ó. Ẹni tó bá fi ìlara ṣe é, kò sí òfin lẹ́yìn ẹ̀ rárá. Bó bá wu obìnrin yìí, ó lè pè yín lẹ́jọ́ lọ́la."

Wọ́n da ẹjọ́ Marcine nù lójú ẹsẹ̀. Bàbá Orrin sọ fún Leland pé kó lọ ra ṣòkòtò mìíràn, kó sì máa tẹ orí ba tó bá ń wọlé ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n yọ Verlyn kúrò nínú ìgbìmọ̀. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi dé ìdí mọ́tò ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo mọ́tò tó bá dúró níwájú ilé, Verlyn á rò pé àwọn tó máa pe òun lẹ́jọ́ ló dé. Kò lè sùn, kò lè jẹun.

"Ilé ẹjọ́ jìnnà," Arlys sọ fún un nígbà tó sú u. "Marcine ò jìnnà. Ṣebí títì ló wà láàárín yín."

Verlyn sọdá. Ẹnu ọ̀nà iwájú ló gbà lọ́tẹ̀ yìí, ní ọ̀sán gangan, lójú gbogbo ayé.

"Mo ṣẹ̀ ọ́," ó sọ fún Marcine. "Kì í ṣe torí ará ìlú, kì í ṣe torí òfin. Ìlara rẹ ló ń ṣe mí. O wo ẹ̀yìn mi sàn, mo sì fẹ́ ba tìrẹ jẹ́. Má bínú."

Marcine fa àga fún un. "Nígbà tí mo rí yín níbẹ̀, mo sọ lọ́kàn mi pé Ọlọ́run ti rán olùrànlọ́wọ́ sí mi. Ìyẹn ló dùn mí jù." Ó nu ojú ẹ̀. "Mi ò ní pè yín lẹ́jọ́. Àmọ́ ẹ̀yìn yín ò tíì jinná. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lẹ ó máa wá. Ẹ má gba ẹ̀yìn mọ́ o, ẹ má sì wọ aṣọ òjò ẹnikẹ́ni. Ibi tí gbogbo èèyàn ń jókòó sí lẹ ó jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Ibẹ̀ ló wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, pásítọ̀ lápá ọ̀tún, ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ àlejò lápá òsì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ìyá náà bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé obìnrin yìí mọṣẹ́? Ẹ̀rù ń bà mí."

Pásítọ̀ rọra sọ ìwé ìròyìn ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀ kó lè gbọ́.

"Ó mọ̀ ọ́n, ìyá," Verlyn ní. "Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

"Iṣẹ́ wo lẹ̀yin ń ṣe?"

"Iṣẹ́ kan náà ni. Ilé ìtọ́jú mi nìyẹn lọ́hùn-ún, òdìkejì títì."

Ìyá náà wo òdìkejì títì láti ojú fèrèsé, ó wo Verlyn, ó wo ṣòkòtò ẹ̀ tí kò dé kókósẹ̀. "Ta ló wá ń lọ sọ́dọ̀ yín?"

"Àwọn tí kò tíì gbọ́ nípa Marcine ni, mà."

"Ẹni tó kàn!" ni ohùn Marcine dún láti inú yàrá. Verlyn rọra dìde bó ṣe kọ́ ọ, kò yí ara padà lójijì, ó sì wọlé lọ.